Oúnjẹ tí kọ̀ǹpútà jẹ kó tó gba Nobel: ọ̀rọ̀ Dorothy Hodgkin

Láti 2024 tí wọ́n ti pín Nobel kẹ́mísìrì, tí Demis Hassabis àti John Jumper gba ìdajì ẹ̀ torí AlphaFold, ìyẹn AI tó ń sọ bí protein ṣe rí, tí David Baker gba ìdajì yòókù torí àwọn protein tuntun tó ń ṣe, ohun tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé AI ti parí ọ̀rọ̀ protein. Wọ́n ní ohun tó ń jẹ onímọ̀ lọ́dún mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣe é kẹ́ ẹ tó mu tíì tán. Kì í ṣe irọ́ o. Nígbà tó fi máa di 2022, AlphaFold ti gbé àwòrán protein tó lé ní 200 mílíọ̀nù síta, ẹni tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ ibì kan wà tí wọ́n máa ń fò nínú ìtàn yẹn, ó sì ń dùn mí gan-an ni. Ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn? Wọn ò kàn tan iná sí i kó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan. Bíi 170,000 àwòrán protein ni wọ́n kó fún un pé kó fi kọ́ṣẹ́, àwòrán tí èèyàn ẹlẹ́ran ara jókòó tì lọ́kọ̀ọ̀kan nínú láàbù, tí ojú ń ro wọ́n, tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, tí òmíràn nínú wọn ò sì rí nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú àwọn tó lànà iṣẹ́ yẹn, obìnrin kan wà ní Oxford tó ya fọ́tò protein kan lọ́dún 1935, tó sì jẹ́ pé 1969 ló tó mọ bí protein náà ṣe rí. Ọdún 34 lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Dorothy Hodgkin lorúkọ ẹ̀, insulin sì ni protein ọ̀hún.

Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, ó ti pẹ́. Insulin tí wọ́n ń fún un ni ti àtijọ́, èyí tó mọ́ gaara bí omi, ara ilẹ̀kùn fíríìjì ló ń gbé. Láàárọ̀ lálẹ́ á fà á sínú abẹ́rẹ́ kékeré yẹn, á fi ìka ta á kí atẹ́gùn inú ẹ̀ lè jáde, á gún un sí ikùn, á wá jókòó ti àmàlà tí wọ́n ti bò sílẹ̀, ojú ẹ̀ á wà lára aago. Ìṣẹ́jú 30. Kò gbọdọ̀ jẹun kó tó pé, tó bá sì ti pé kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó jẹun torí ṣúgà ara ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Mo bi nọ́ọ̀sì kan léèrè nígbà kan pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ dúró, ó ní bí oògùn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo ka ìtàn Dorothy ni mo tó mọ ìdí ẹ̀, màá dé ibẹ̀.

Kò sẹ́ni tó máa rí Dorothy ní kékeré tó máa ní ibi tó ń lọ nìyí. Ìlú Cairo ni wọ́n bí i sí ní May 1910, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá àti ìyá, bàbá ń ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ fún ìjọba ní Íjíbítì, lẹ́yìn náà ní Sudan, ìyá sì jẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa aṣọ àtijọ́ dáadáa. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní dé, wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sí England, wọ́n padà síbi iṣẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ọmọ yẹn fi ń rí òbí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó lọ kí wọn ní Khartoum, bíi ọmọ ọdún 13 ni, onímọ̀ ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dókítà Joseph jẹ́ kó fi òkúta kan tó ṣà dán nǹkan wò, ó sì fún un ní àpótí kan tí oríṣiríṣi kẹ́míkà àti òkúta kéékèèké kún inú ẹ̀. Ọmọ yẹn gbé àpótí dé England, ó sọ àjà ilé di láàbù. Nílé ìwé ẹ̀ ní Beccles, àwọn ọkùnrin nìkan ló ń ṣe kẹ́mísìrì, òun àti ọmọbìnrin kan péré ni wọ́n gbà pé kó bá wọn jókòó. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ìyá ẹ̀ ra ìwé kan fún un tí William Bragg kọ fún àwọn ọ̀dọ́, inú ìwé yẹn ló ti kà pé ẹ́ksíréè lè jẹ́ kéèyàn rí àwọn átọ́ọ̀mù inú nǹkan bí wọ́n ṣe tò. Látìgbà yẹn, ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún díẹ̀, torí tí kò bá yé èèyàn, kò ní mọ ohun tí obìnrin yìí fojú rí.

Protein dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Ti insulin jẹ́ okùn méjì, ìlẹ̀kẹ̀ 21 wà lórí ọ̀kan, 30 lórí ìkejì, àpapọ̀ 51. Fred Sanger ní Cambridge ló wá bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ṣe tẹ̀ léra, ó parí ẹ̀ ní 1955. Ṣùgbọ́n okùn protein kì í kàn nà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ká ara ẹ̀ jọ, á lọ́ síbí, á yí sọ́hùn-ún, bó ṣe ká jọ yẹn ló sì ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe nínú ara. Mọ bí wọ́n ṣe sín in lọ́tọ̀, mọ bó ṣe ká jọ lọ́tọ̀. Bó ṣe ká jọ yẹn ni AlphaFold ń sọ báyìí tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Awò lásán ò lè fi í hàn yín ní ojúkojú, ó ti kéré jù. Ohun tí àwọn Dorothy ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí protein yẹn dì di hóró, bí hóró iyọ̀, torí tó bá ti dì báyẹn, mólékù inú ẹ̀ á tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ebè nínú oko, gbogbo ebè dọ́gba, gbogbo poro dọ́gba. Wọ́n á wá tan ẹ́ksíréè sí hóró yẹn, ẹ́ksíréè á fọ́n ká, á fi àmì tó-tò-tó sórí fíìmù, òmíràn á dúdú dáadáa, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Lára àwọn àmì yẹn ni wọ́n ti máa ṣírò padà débi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé fíìmù ò sọ gbogbo ẹ̀ fún yín. Ẹ fojú inú wò ó pé àwọn onílù ń lù, ẹnì kan wá sọ fún yín bí ìyáàlù ṣe dún sókè tó, bí omele ṣe dún sókè tó, bí gúdúgúdú ṣe dún sókè tó, àmọ́ kò sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé, ó wá ní kẹ́ ẹ sọ ohun tí ìlù yẹn ń wí. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbà á ni pé wọ́n á wá átọ́ọ̀mù kan tó wúwo bí òjé, wọ́n á kì í bọ ibì kan náà nínú gbogbo mólékù, kó wá dà bí agogo tó ń dún yàtọ̀ láàárín ìlù, kí wọ́n lè fi í díwọ̀n ìgbà tí àwọn tó kù wọlé.

Dorothy lọ sí Oxford ní 1928, ó gba first class ní 1932, ó kọjá sí Cambridge lọ́dọ̀ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ J. D. Bernal. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí nǹkan kan tó dà bíi pé kò tó nǹkan. Gbogbo ẹni tó ti gbìyànjú protein ṣáájú wọn máa ń jẹ́ kí hóró ẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó ya á, fíìmù á sì dúdú rúdurùdu. Ní 1934 Bernal kíyè sí i pé tí hóró protein kan tó ń jẹ́ pepsin bá ti kúrò nínú omi tó ti dì, ńṣe ló ń bàjẹ́, ló bá fi omi yẹn náà pa mọ́ sínú ìgò tóóró kan tó fẹ́lẹ́, ó ya á, àmì bá yọ kedere. Fọ́tò ẹ́ksíréè protein àkọ́kọ́ tó hàn kedere nìyẹn láyé, Bernal àti Dorothy ló jọ kọ ọ́ jáde. Lọ́dún yẹn kan náà ni dọ́kítà sọ fún Dorothy pé làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé ló ń ṣe ọwọ́ ẹ̀. Ọmọ ọdún 24. Iṣẹ́ tó sì yàn yẹn, ìka ni wọ́n fi ń ṣe é, hóró tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni wọ́n ń gbé kiri.

Ó padà sí Oxford, wọ́n fún un ní yàrá kan lábẹ́ mùsíọ́mù yunifásítì, níbi tí egungun àwọn ẹranko àtijọ́ wà lókè. Fèrèsé kan ṣoṣo wà níbẹ̀, ó ga sókè, ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti lè wọlé dáadáa, torí náà ibẹ̀ ni wọ́n gbé awò sí, Dorothy á wá máa gun àkàbà lọ síbẹ̀, á fi ọwọ́ kan di àkàbà mú, hóró á wà ní ọwọ́ kejì. Ọwọ́ tó ń ro ó yẹn náà ni o. Ẹgbẹ́ àwọn kẹ́místì ibẹ̀ kì í sì í gba obìnrin sípàdé wọn.

Robert Robinson, ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá níbẹ̀, ló fún un ní insulin, mílígíráàmù 10, kò tó ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan. Hóró inú ẹ̀ ti kéré jù, Dorothy fúnra ẹ̀ ló tún un ṣe tó fi dàgbà tó èyí tó ṣeé yà. Alẹ́ ọjọ́ tó fọ fíìmù yẹn ní 1935, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, tó rí àwọn àmì kéékèèké tó yọ jáde láàárín, kò lè lọ sílé, ńṣe ló ń rìn kiri ìgboro Oxford lóru òun nìkan, inú ẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tó lè fi ara ẹ̀ ṣe. Àmọ́ ẹ rántí ọ̀rọ̀ onílù yẹn. Ó ti rí bí ìlù ṣe dún sókè tó, kò sí ọ̀nà láti mọ ìgbà tí wọ́n wọlé, átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ lé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kò sí kọ̀ǹpútà láyé. Ló bá tọ́jú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tó wá ṣe láàárín ìgbà yẹn, ẹlòmíràn ì bá fi ṣe iṣẹ́ ayé ẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n ní kó wá bí penicillin ṣe rí. Àwọn kẹ́místì ńláńlá ń jà lórí ẹ̀, àwọn kan ní òrùka kan wà láàárín ẹ̀ tó jẹ́ átọ́ọ̀mù mẹ́rin péré, àwọn kan, tí Robinson wà nínú wọn, ní irú òrùka bẹ́ẹ̀ ò lè dúró, pé á já. Dorothy àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ Barbara Low ya á, wọ́n ṣírò ẹ̀, ní 1945 ó hàn gbangba pé òrùka mẹ́rin ni. Òrùka tí wọ́n ní kò lè dúró yẹn gan-an ni agbára oògùn náà, bó ṣe ń fẹ́ já yẹn ló fi ń pa kòkòrò. Amoxicillin tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́místì, òrùka yẹn wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún kọjú sí fítámì B12, èyí tí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó ń gbà, átọ́ọ̀mù 181 ló wà nínú ẹ̀, ọdún mẹ́jọ ló gbà á, láti 1948 sí 1956. Kọ̀ǹpútà tó fi ṣírò ẹ̀ wà ní Los Angeles, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kenneth Trueblood ló bá a lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á kọ lẹ́tà, wọ́n á fi tẹligíráàmù ránṣẹ́, nọ́ńbà á gba orí òkun lọ, á gba orí òkun bọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Dorothy wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú un wọlé.

Ọkọ ẹ̀, Thomas Hodgkin, ọ̀rọ̀ Áfíríkà ni iṣẹ́ tiẹ̀. Lẹ́yìn ogun, òun ló wà nídìí ètò tí Oxford fi ń gbé ẹ̀kọ́ àgbàlagbà wá sí Gold Coast àti Nàìjíríà, ní 1960 ó kó ìwé kan jọ lórí ìtàn Nàìjíríà, látinú ohun táwọn ará ibẹ̀ àtàwọn àlejò ti kọ sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ní 1962 ó di olórí ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní yunifásítì Ghana, Legon, láyé Nkrumah. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Ghana ni Dorothy wà ní October 1964 tí ìròyìn dé pé ó gba Nobel kẹ́mísìrì, òun nìkan, kò bá ẹnikẹ́ni pín in. Àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sí nítòsí, ọ̀kan ń kọ́ni ní Algiers, ọ̀kan ń kọ́ni ní Zambia, àbíkẹ́yìn wà ní Íńdíà. Mo fẹ́ràn apá yẹn gan-an, pé Accra wa níbí ni ìròyìn yẹn ti bá a. Ohun tí ìwé ìròyìn kan ní London wá kọ gàdàgbà ni pé ìyàwó ilé kan ní Oxford gba Nobel. Ìyàwó ilé! Ẹni tó ti wá bí penicillin ṣe rí, tó ti wá bí B12 ṣe rí. Títí dòní, kò tíì sí obìnrin ará Britain mìíràn tó gba Nobel nínú kẹ́mísìrì, físíìsì tàbí ìmọ̀ ìṣègùn.

Ọmọ ọdún 54 ni, ọwọ́ ti wọ́, àwọn ìka ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ì bá jókòó sinmi. Insulin ló padà sí.

Àwọn tó kó jọ sí láàbù ẹ̀ nígbà yẹn, England, New Zealand, Íńdíà, wọ́n wá látibi gbogbo, obìnrin pọ̀ nínú wọn, gbogbo wọn sì ń pè é ní Dorothy, akẹ́kọ̀ọ́ tó dé lánàá ń pè é ní Dorothy (ó máa ṣòro fún àwa láti pe ìyá tó tó yẹn lórúkọ, àmọ́ bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn). Wọ́n yọ síńkì inú insulin, wọ́n fi òjé àtàwọn átọ́ọ̀mù wúwo mìíràn rọ́pò ẹ̀, agogo bá ń dún. Ní 1969 àwòrán jáde. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, tẹ́ ẹ bá wo orúkọ tó wà lókè ẹ̀, Margaret Adams ló ṣáájú, ẹ máa ka orúkọ méje kẹ́ ẹ tó kan Hodgkin. Ẹni tó ti wà nídìí ẹ̀ láti 1935. Àwọn ará China náà ti ń ṣe insulin tiwọn láìjẹ́ pé ayé mọ̀, ní 1972 Dorothy lọ bá wọn ní Beijing, wọ́n gbé àwòrán méjèèjì síra, ó bára mu, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ wọn dáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá mi wọ̀ ọ́ nìyí. Ohun tí àwòrán yẹn fi hàn ni pé insulin kì í dá rìn. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń dì mọ́ra, síńkì méjì á wà láàárín wọn. Bí ara ṣe ń tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ nìyẹn, bó sì ṣe wà nínú ìgò inú fíríìjì náà nìyẹn. Àmọ́ mẹ́fà tó dìpọ̀ ò lè ṣe nǹkan kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Tí ìyá mi bá gún un sábẹ́ awọ, ńṣe ni mẹ́fà yẹn á kọ́kọ́ tú di méjì méjì, méjì á tú di ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó lè ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ìtúká yẹn ni ìṣẹ́jú 30 tó ń fi wo aago.

Àwòrán tún fi ibi tí méjì ti ń di ara wọn mú hàn, ó wà nítòsí ìparí okùn onílẹ̀kẹ̀ 30 yẹn. Torí náà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí méjì níbẹ̀, kò ní lè dì mọ́ra bẹ́ẹ̀ mọ́. Guy Dodson tó ti wà ní láàbù Dorothy kó lọ sí York, àwọn tirẹ̀ wà lára àwọn tó fi irú insulin bẹ́ẹ̀ hàn ní 1988. Ní 1996, oríṣi kan tó ń jẹ́ lispro dé ọjà ní Amẹ́ríkà, ìlẹ̀kẹ̀ 28 àti 29 ni wọ́n gba ipò ara wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá ń lò ó lè gún un kó sì jókòó sídìí oúnjẹ láàárín ìṣẹ́jú 15. Ó wọ́n ju ti ìyá mi lọ, ìdí tí òun fi ṣì ń wo aago nìyẹn.

Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú ẹ̀, àmọ́ ó yẹ ká mẹ́nu bà á. Ogun àgbáyé kìíní gbẹ̀mí àwọn arákùnrin ìyá ẹ̀, ó sì ti kórìíra ogun láti kékeré. Amẹ́ríkà ò fún un ní físà ní 1953 torí ẹgbẹ́ àlàáfíà tó ń bá ṣe, bẹ́ẹ̀ ìpàdé nípa protein ló fẹ́ lọ, lọ́dọ̀ Linus Pauling. Láti 1976 sí 1988 òun ni ààrẹ Pugwash, àwọn onímọ̀ tó ń bá ìjọba jà lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ ní kẹ́mísìrì ni Margaret Thatcher, tó padà di olórí ìjọba Britain, wọn ò jọ gbà nípa òṣèlú rárá, síbẹ̀ Thatcher gbé àwòrán ẹ̀ kọ́ sí Downing Street, Dorothy náà sì máa ń lọ bá a sọ̀rọ̀ pé kó bá àwọn ará Soviet jókòó. Ní 1993, ó lọ sí ìpàdé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ní Beijing, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n ti ń tì í. Ó kú ní July 1994.

Ní National Portrait Gallery ní London, àwòrán ẹ̀ kan wà tí Maggi Hambling yà ní 1985. Ìwé kún orí tábìlì, ère mólékù wà níwájú, irun funfun rúgudu, ọwọ́ mẹ́rin ló yà fún un. Mẹ́rin. Gbogbo wọn ló wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wọn ló wọ́.

Èmi ò bá AI jà o. Inú mi dùn sí AlphaFold, inú Dorothy náà á dùn sí i, mo dá yín lójú. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n máa sọ ọ́ bíi pé orí òfìfo ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1971 ni wọ́n dá ibi tí wọ́n ń kó àwòrán protein jọ sí sílẹ̀, Protein Data Bank, méje péré ló wà níbẹ̀, báyìí ó ti lé ní 200,000. Àwọn tó ya wọ́n ì bá tì wọ́n mọ́ àpótí, wọ́n ì bá tà wọ́n. Wọ́n kó wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ nìyẹn. Títí dòní náà, AlphaFold fúnra ẹ̀ máa ń sọ ibi tí kò dá a lójú, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe oògùn ṣì ní láti padà sí láàbù lọ wò ó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí insulin náà fúnra yín, ẹ lọ sí Protein Data Bank lórí fóònù, ẹ tẹ 4INS. Orúkọ Dorothy wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá, ẹ lè fi ìka yí i, á máa yí lọ bí òdòdó, síńkì méjèèjì á wà láàárín. Mo fi han ìyá mi nígbà tó ń dúró kí ìṣẹ́jú 30 ẹ̀ pé. Ó yí i títí tí àmàlà fi tutù.